Mùdùnmúdùn Eyín Mi Nínú Àwo Dígí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Wọ́n ti yọ ọ́. Eyín ọgbọ́n ìsàlẹ̀ lápá òsì, èyí tó sùn gbalaja sínú ẹran ìdí eyín bí ọ̀lẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà eyín tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Ọwọ́-Fúyẹ́ ló yọ ọ́. Tí èyí bá jẹ́ ọwọ́ fífúyẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí ọwọ́ wíwúwo. Ó tẹ orí mi mọ́ àga bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí olè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa eyín náà títí mo fi rò pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi máa tẹ̀lé e jáde.

Àǹtí mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó gbé ìgò kékeré kan dání tí omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí eyín ṣe bọ́ sínú ìgò, ojú ìgò ló ń wò, kò wo ojú mi. Ó ní, "Wo ìdí rẹ̀, ó ṣì ṣí sílẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ò tíì parí." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé ìkókó fún. Ó wá rántí pé ẹni tó ni eyín ṣì wà lórí àga. "Réésà, ṣé o wà pa?"

Mo fẹ́ ní kó lọ sọ fún bàbá wa pé mo ti kú, kó bá mi pín bàtà mi. Ẹnu mi ò gbé e. Àwọn ará àdúgbò ló sọ mí ní Réésà nítorí pé ẹnu mi ń gé èèyàn. Lónìí, kò lè gé bọ́tà.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa purọ́ mọ́ mi lọ́la: Àǹtí mi ò bẹ̀ mí. Eyín àgbàlagbà méjì ni wọ́n ti gbìyànjú ní láàbù ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́, mùdùnmúdùn, ẹran rírọ̀ inú méjèèjì, kú sínú àwo. Ọ̀gá rẹ̀ wá ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Kí mùdùnmúdùn eyín di ohun líle kí oṣù kẹjọ tó dé ìdajì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí Àǹtí mi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kí ẹlòmíì wá jókòó sí àyè rẹ̀. Eyín ọ̀dọ́ ni wọ́n nílò. Ọwọ́-Fúyẹ́ sì ti sọ lọ́dún tó kọjá pé eyín mi yìí máa bá mi jà lọ́jọ́ kan. Mo ní kí wọ́n kúkú yọ ọ́ kó tó mú ìjà dé. Àǹtí mi ló tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá wa ti ṣaláìsí. Kí ni eyín kan láàárín wa?

Ìdajì ẹnu mi ò sí níbí. Nọ́ọ̀sì ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ á padà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Kò tíì padà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú ti lọ sílẹ̀. Ìrora náà ti lọ. Ṣùgbọ́n ètè ìsàlẹ̀, láti àárín títí dé igun òsì, àti àgbọ̀n tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni nílé. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó dà bí ìgbà tí mo ń tẹ bàtà tí bàbá wa ń tún ṣe. Mo mọ̀ pé mo ń tẹ nǹkan. N kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń tẹ̀.

Láàárọ̀ mo mu tíì. Ìdajì wọ inú mi, ìdajì wọ inú ẹ̀wù mi. Bàbá wa gbójú sókè láti ìdí bàtà tó ń lẹ̀. "Nu ẹnu rẹ." Mo nù ún. Mo jẹ ẹyin. "Nu ẹnu rẹ." Mo kàn jókòó jẹ́jẹ́, n kò jẹ, n kò mu. "Nu ẹnu rẹ." Tó bá ń lọ báyìí, wọ́n máa gbé ọkọ̀ ojú omi wá sí ẹnu mi.

Kò dùn mí. Kò sì bí mi nínú. Mo kàn ń kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ọwọ́-Fúyẹ́ fi òwú kàn mí, ó fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kàn mí. "Níbí ńkọ́?" Rárá. "Níbí?" Rárá. Ó ní gbòǹgbò eyín náà sún mọ́ iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ètè lọ sí ọpọlọ ju bí òun ṣe rò lọ, iṣan náà ti fara gbọgbẹ́. Ó ní kò já. Ó lè padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó lè gba oṣù díẹ̀.

Mo ní, "Tàbí?"

Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́.

Àǹtí mi sunkún láti ibẹ̀ délé. Èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́. Ayé yìí ti dorí kodò: ẹni tí wọ́n gbá létí ló ń fi ọwọ́ nu ojú ẹlòmíì. Mo gbìyànjú láti súfèé kí n fi pa á lẹ́rìn-ín. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé tí mo bá súfèé ní òpin òpópónà wa, ajá tó wà ní òpópónà kẹta á dìde, òkú tó bá wà nítòsí á ní ta ni. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde, pẹ̀lú itọ́.

"Nu ẹnu rẹ," Àǹtí mi ní. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo lọ wo àwọn ọmọ mi.

Láàbù Àǹtí mi tutù bí inú fíríìjì, ó sì ń rùn bí sípírítì. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, kí n wọ bàtà wọn, kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n má mí sórí nǹkan kan. Mo ní ṣé mo lè máa ronú. Àǹtí mi ní kí n dín in kù.

Àwọn àwo dígí pẹlẹbẹ wà nínú àpótí kan tó móoru bí ara èèyàn. Ó gbé ọ̀kan jáde, ó gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ eruku di òkè ńlá, ó ní kí n wò. Lákọ̀ọ́kọ́ mo rí ìpéǹpéjú ara mi. Lẹ́yìn náà mo rí wọn. Wọ́n gùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n mú ṣóńṣó ní ìpẹ̀kun méjèèjì, wọ́n ń jáde láti ara ẹyọ ẹran kékeré kan bí ẹja wẹ́wẹ́ tó ń sá kúrò níbi òkúta.

"Gbogbo èyí, inú eyín mi ni wọ́n wà?"

"Inú eyín rẹ ni."

"Wọ́n wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, wọn ò san owó ilé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ò mọ ohun tí wọ́n máa dà. Wọ́n lè di egungun, wọ́n lè di ọ̀rá, wọ́n lè di irú èyí tó ń mọ ara eyín, kí wọ́n sì máa to ohun líle jọ bí bíríkìlà. Ohun tí èèyàn bá sọ fún wọn ni wọ́n máa gbọ́. Wọn ò sì gbọ́ èdè kankan àfi èdè àwọn èròjà ìdàgbàsókè, tó wà nínú ìgò tí kò tó ìka ọmọ ọwọ́. Oríṣi méjì ló ń lò. Ọ̀kan ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa pín sí méjì méjì, kí wọ́n máa pọ̀ sí i. Èkejì ń sọ fún wọn pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n jókòó kí wọ́n di nǹkan. Orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n lábẹ́ òfin jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ahọ́n ò lè gbé. Mo sọ wọ́n ní Pọ̀-sí-i àti Di-nǹkan.

Àǹtí mi ní owó ìgò Di-nǹkan kan, bàbá wa máa lẹ bàtà oṣù kan kó tó rí i. Mo fà sẹ́yìn kúrò nídìí tábìlì náà. Pẹ̀lú ètè tí mo ní yìí, mo lè tutọ́ sí owó oṣù kan kí n má sì mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Òjò láti àárọ̀. Ẹyin ti wọ́n sí i. Àwọn ọmọ mi ti kún àwo kan, wọ́n ti pín wọn sí mẹ́ta, Pọ̀-sí-i ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àǹtí mi ní òun kò rí sẹ́ẹ̀lì tó yára tó báyìí rí. Mo ní wọ́n jọ mí. Ó fi ìgò kékeré kan lára àwọn àkọ́kọ́ pamọ́ sínú fíríìsà, kó má bàa jẹ́ pé gbogbo ẹyin wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan.

Bàbá wa gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó tẹ ìṣó kan bọ bàtà. Ó ní, "Eyín ọmọ mi ni ẹ fi ń ṣọ̀gbìn."

Àǹtí mi ní, "Bàbá, ẹ má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé mo bú ẹnikẹ́ni? Mo ní ìgbà wo ni ìkórè."

Ó wò mí. "Nu ẹnu rẹ."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kéje

Lónìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Di-nǹkan. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá wò ó. Ìyá arúgbó kékeré ni, ó wọ súwẹ́tà tó tó o ní ìlọ́po méjì, ó sì ń lá mínńtì bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí rẹ̀. Ó ka ohun tí Àǹtí mi kọ sára àwo, ó bojú wò ó lórí gíláàsì.

"Kí ló ń jẹ́ Di-nǹkan?"

Àǹtí mi fẹ́ kú. "Ẹ má bínú, mà. Àbúrò mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi kàn kọ ọ́."

Ọ̀gá wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ìwọ lo ni eyín?"

"Èmi ni, mà."

"Orúkọ yẹn dáa ju èyí tí wọ́n fún un lọ. Ẹ fi sílẹ̀." Ó lá mínńtì. "Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó rí nǹkan. Tí wọ́n bá ń to ohun líle jọ, ẹ máa rí àmì dúdú tó-tò-tó lábẹ́ awò. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ mọ ohun tí a jọ sọ."

Àǹtí mi mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíì ti ń wá wo tábìlì rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun kàn fẹ́ mọ ibi tí síwíìṣì wà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo bu ètè mi jẹ nígbà tí mò ń jẹ búrẹ́dì. Ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Gbogbo àárọ̀ ni Àǹtí mi ń dán mi wò. Kó tó wẹ̀, kó tó fọ eyín rẹ̀, á mú òwú wá, á ní kí n dijú. "Ṣé o mọ̀ ọ́n?" Rárá. "Nísinsìnyí ńkọ́?" Rárá. Ojú rẹ̀ á rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí okùn já lórí rẹ̀, á wá bu ọbẹ̀ fún mi bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè. Mo ti jẹ ọbẹ̀ tó lè gbé màlúù dìde. Ó ra mílíìkì, ó ra fítámì tí wọ́n ní ó dára fún iṣan. Ó ń pa ètè mi ní ìpara tí wọn ò sọ pé kó pa. Bí mo bá ní kó fi mí sílẹ̀, á ní ó dáa, á tún padà wá.

Láàárọ̀ yìí ó rẹ̀ mí. Mo dijú, mo dúró díẹ̀, mo ní, "Àǹtí mi, ó dà bíi pé mo mọ̀ ọ́n."

Mo lajú. Òwú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Kò tíì kàn mí rárá.

A wo ara wa. Ẹ̀rín ni ó yẹ kó pa èèyàn níbẹ̀, mo mọ̀, torí tí ẹlòmíì bá sọ ọ́ fún mi, màá rẹ́rìn-ín títí ikùn mi á fi já. Ó ka òwú náà pọ̀, ó jù ú sínú agbọ̀n, ó lọ sí iṣẹ́.

N kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Bóyá kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ó dà bíi pé ètè yẹn ti ń tàn kálẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn iléèwé. Àwo kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ mi ń ti ara wọn bí èrò níwájú ilé epo. Kò sí àmì dúdú kankan. Àǹtí mi ní ó ṣì yá jù. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó ti tú.

Ọ̀gá wá, ó jókòó sídìí awò, ó wò ó pẹ́. Èmi jókòó sórí àga tó ń yí, n kò yí i. Ọ̀gá gbé orí sókè. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Kò sí nǹkan kan."

"Kò sí, mà."

"Wọn kò kú. Wọ́n sanra, wọ́n ń dán, wọ́n ṣì ń pín. Mo ní kí o dáwọ́ Pọ̀-sí-i dúró ní ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ Di-nǹkan. Ṣé o dá a dúró?"

Àǹtí mi wo ilẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mò ń fún wọn díẹ̀, mà. Ẹ̀kán díẹ̀ ni, tí mo bá ń pààrọ̀ omi wọn."

"Kí ló dé?"

"Nígbà tí mo dá a dúró, lọ́jọ́ kejì mo rí i tí àwọn kan ti kú, tí wọ́n léfòó. Mi ò lè wò ó. Ara àbúrò mi ni."

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì rẹ̀. Kò pariwo. Mo rò pé á pariwo.

"Mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí àbúrò rẹ. Sẹ́ẹ̀lì tí mo ti pa pọ̀ ju irun orí mi lọ. Mi ò rí ẹni tó ń fún wọn lọ́mú rí. Tí o bá ní kí ọmọ jókòó kó kọ́ṣẹ́, tí o tún ń tẹ súìtì sí i lọ́wọ́ pé kó máa ṣeré lọ, èwo ni kó gbọ́? Èyí tó dùn ló máa gbọ́. Àwọn díẹ̀ gbọ́dọ̀ kú. Àwọn tó kù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé eré ti parí."

"Àbúrò mi ni, mà," Àǹtí mi tún ní.

"Rárá. Sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Àbúrò rẹ ló jókòó síbí, tó ń da itọ́ sórí àga mi." Ó na tíṣù sí mi. "Nu ẹnu rẹ, ọmọ mi."

Mo nù ún.

Ọ̀gá ní ìgò kan ṣì wà nínú fíríìsà, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ tó pé. Kí Àǹtí mi yọ wọ́n jáde, kó tò wọ́n sínú àwo ní iye tó kún lẹ́ẹ̀kan náà, kó fún wọn ní Di-nǹkan nìkan, kó sì jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀.

Àwo tó kún, wọ́n dà á nù. Mo rí i. Omi pupa lásán ló wọ inú ike.

Òjò ká wa mọ́ ọ̀nà, a sá sábẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan tó ti tì. Àǹtí mi ní, "Mo rò pé tí wọ́n bá kú, á jẹ́ pé mo ba ẹnu rẹ jẹ́ lásán."

Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́. Ọwọ́-Fúyẹ́ ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo wo òjò. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ má fi òwú kàn mí mọ́. Ẹ má pa mí ní ìpara mọ́. Tó bá padà, màá sọ fún yín."

"Tí kò bá padà ńkọ́?"

"Màá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ máa rí mi, èmi tí itọ́ á máa dà lẹ́nu."

Ó wò mí gan-an, bíi pé abẹ́ awò ni mo wà. Ó ní, "Ó dáa." Kò tún padà wá sórí ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ

Àwọn kan ti kú, wọ́n léfòó. Àǹtí mi wò wọ́n, ó fi ọwọ́ sí àpò. Ó ní ó dà bíi kó gbọ́ igbe ọmọ kó má dìde. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń gbọ́ igbe mi nígbà tí mo wà ní kékeré, tó ń fi mí sílẹ̀ lọ sí iléèwé. Ó ní irọ́ ni, mi ò sunkún rí. Mo ní ẹ ò wá rí i pé n kò kú.

Nílé, kò sí ọbẹ̀ màlúù mọ́. Èmi ni mo dín ẹyin tí gbogbo wa jẹ. Bàbá wa ní iyọ̀ rẹ̀ tó òkun. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo wà níbi tí mo ti ń fọ aṣọ, nǹkan kan rìn lórí àgbọ̀n mi. Mo fọwọ́ gbá a, kò sí èèrà. Ó tún rìn. Ó ta mí bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé ẹsẹ̀ títí, tí ẹsẹ̀ ń jí.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé ọpọlọ mi náà ti kọ́ irọ́ pípa lọ́dọ̀ mi.

Ní láàbù, Àǹtí mi ní òun rí nǹkan dúdú méjì. Ó ní ó lè jẹ́ ìdọ̀tí. Kò tún un sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gba àyè níléèwé, mo ní inú ń run mí.

Ohun tí wọn ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí ni pé kí èèyàn tó lè mọ̀ dájú bóyá wọ́n ti di nǹkan, èèyàn máa kọ́kọ́ pa wọ́n. Wọ́n á da omi kan sí wọn tí á mú wọn gan mọ́ ibi tí wọ́n wà, wọ́n á da aró pupa sí i, wọ́n á fi omi ṣàn án. Ohun líle á di aró mú. Ohun tó ṣì rọ̀, aró á ṣàn kúrò lára rẹ̀.

Àǹtí mi ní, "Ṣé o fẹ́ wò wọ́n kí n tó dà á?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sídìí awò. Wọn ò jọ ẹja mọ́. Wọ́n ti fẹ̀, wọ́n ti jókòó, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ilé tó wà ní òpópónà kan náà, òkùnkùn ti ń ṣú láàárín wọn níbí àti níbẹ̀. Mo retí kí nǹkan ṣe mí. Mo dúró dè é. Mo ní, "Ẹ dà á."

Ó dà á. A jókòó. Ọ̀gá wá, ó fa àga, ó bó mínńtì mẹ́ta, ó fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwo méjì ni wọ́n da aró sí: ọ̀kan tí kò rí Di-nǹkan rárá, kí a lè fi wé e, àti tiwa. Méjèèjì pupa rẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn.

Àǹtí mi fi omi ṣan àkọ́kọ́. Aró ṣàn lọ. Ó ṣàn án lẹ́ẹ̀kejì, àwo mọ́ bí ojú dígí tí bàbá wa nù.

Ó mú tiwa. Ó gbé pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá tó fi ń fa omi, kalẹ̀, ó tún gbé e. Ó ṣàn án. Omi pupa jáde. Ó ṣàn án lẹ́ẹ̀kejì. Omi tó jáde ti fúyẹ́. Ó ṣàn án lẹ́ẹ̀kẹta, omi náà mọ́ lóló.

Àwo ò mọ́. Ó pupa síbẹ̀, kíríkírí, kájàkájà, bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀.

Ọ̀gá gbé àwo náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní, "Sọ fún ẹni tó ń wá síwíìṣì kiri pé kó lọ wá a níbòmíì." Ó jáde lọ wá tíì.

Ìkórè dé, bàbá wa. Ó tó ojú èékánná kan. Ara eyín ni, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ mi ló mọ ọ́n níta ẹnu, nínú dígí àti omi, nítorí pé a sọ fún wọn.

Tíì gbóná. Àǹtí mi jókòó sórí ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó gbára lé ẹsẹ̀ mi, kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń mí. Mo mu ẹnu kan. Mo mu ẹ̀ẹ̀kejì. Nǹkan olómi kan rọra sọ̀ kalẹ̀ láti igun ètè mi lápá òsì, ó ń lọ sí àgbọ̀n. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè, mo nù ún.

Àǹtí mi ti gbójú sókè sí mi, ó ti ya ẹnu. "Nu..." Ó dákẹ́.

Mo wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Ó ti rin.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."